Ọ̀nà Ẹ̀bùrú Ilẹ̀ Faransé: Bí Ẹ Ṣe Lè Gun Kẹ̀kẹ́ Kiri Abúlé Wọn Láìsí Ariwo Mọ́tò

Ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ nílẹ̀ Faransé ló máa ń kọ́kọ́ wá ọ̀nà tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún kẹ̀kẹ́. Kò burú. Àwọn ọ̀nà náà wà, wọ́n sì dáa, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni wọ́n. Ibi tí ìdákẹ́jẹ́ wà gan-an ni àwọn títì kéékèèké tó so abúlé mọ́ abúlé, èyí tó jẹ́ pé ọkọ̀ akólẹ́tà àti àgbẹ̀ orí katakata nìkan ló ń gbà á láàárọ̀. Títì ilẹ̀ Faransé lápapọ̀ lé ní mílíọ̀nù kan kìlómítà, ti abúlé àti ìlú kéékèèké ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ará abúlé ti kó lọ sí ìlú ńlá tipẹ́tipẹ́. Títì tí wọ́n fi sílẹ̀ ò bá wọn kó lọ, ọ̀dà sì wà lórí rẹ̀ títí dòní.

Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níbí ni bí ẹ ó ṣe dá irú títì bẹ́ẹ̀ mọ̀ lórí máàpù kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà ò nílò kí ẹnikẹ́ni yan ọ̀nà fún un. Lẹ́yìn náà ni n ó to ìrìn kan kalẹ̀ láti Dieppe, ìlú etíkun kan ní àríwá Faransé, nítorí àwọn tiwa tó ń gbé London.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ lẹ́tà tó wà lára títì

Títì tó bá jọjú nílẹ̀ Faransé ló máa ń ní lẹ́tà àti nọ́ńbà. A ni òpópónà tí mọ́tò ti ń sáré burúkú. Kẹ̀kẹ́ ò gbọdọ̀ dé ibẹ̀ rárá. N ni ti ìjọba àpapọ̀, ẹ sá fún un: òfin lè gbà yín láyè lórí òmíràn nínú wọn, ṣùgbọ́n tírélà ò ní jẹ́ kí ẹ gbádùn ara yín. D ni ti département, ìyẹn ẹkùn tí wọ́n pín orílẹ̀-èdè wọn sí. C ni ti abúlé fúnra rẹ̀, òun ló sì dákẹ́ jù.

Inú D ni iṣẹ́ wà. D kan lè jẹ́ títì tóóró tí koríko ti hù láàárín rẹ̀, òmíràn a máa gbé tírélà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ìdí ni pé lọ́dún 2006 ìjọba àpapọ̀ kó ọ̀pọ̀ títì N lé àwọn département lọ́wọ́, wọ́n sì fún wọn lórúkọ tuntun. D1001 ní Somme, N1 àtijọ́ ni. D6015 nítòsí Rouen, N15 àtijọ́ ni. Orúkọ ló yí padà, mọ́tò orí rẹ̀ ò lọ síbì kan. Nítorí náà, bí ẹ bá rí D tí nọ́ńbà rẹ̀ wọ 900, tàbí tó ti lé ní 1000, ẹ fura sí i títí ẹ ó fi yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Kálukú département ló ń fún títì tirẹ̀ ní nọ́ńbà, nítorí náà bí ẹ bá ré ààlà kọjá, nọ́ńbà lè yí padà lójijì lórí títì kan ṣoṣo. Ẹ má rò pé ẹ ti ṣìnà. Orúkọ abúlé ni kí ẹ kọ síbi tí ojú yín ti lè rí i, ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà máa tẹ̀lé e.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ fi máàpù wá títì funfun

Ẹ ra máàpù bébà ti Michelin, irú èyí tí sẹ̀ǹtímítà kan orí rẹ̀ jẹ́ kìlómítà kan ààbọ̀ lórí ilẹ̀. Èmi ṣì fẹ́ràn bébà ju fóònù lọ fún iṣẹ́ yìí, torí ojú fóònù kéré, kì í jẹ́ kéèyàn rí bí gbogbo agbègbè ṣe tò lẹ́ẹ̀kan náà. Lórí máàpù yìí, pupa ni títì ńlá, yẹ́lò ni ti àárín, funfun ni kékeré. Funfun la ń wá. Yẹ́lò tín-ín-rín náà ṣeé gbà fún kìlómítà mélòó kan, pàápàá níbi tí èèyàn ò pọ̀.

Ẹ ó rí ìlà aláwọ̀ ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì mìíràn. Ohun tó ń sọ ni pé ojú ọ̀nà ibẹ̀ rẹwà, òótọ́ sì ni. Àmọ́ lọ́jọ́ Àìkú tí ojú ọjọ́ bá mọ́, àwọn oníalùpùpù náà ní máàpù yẹn lọ́wọ́. Ọfà kéékèèké tó dábùú títì ń sọ bí òkè ṣe le tó: ọfà kan jẹ́ 5 sí 9 nínú ọgọ́rùn-ún, méjì jẹ́ 9 sí 13, mẹ́ta ju 13 lọ. Ibi tí ẹnu ọfà kọjú sí ni òkè wà. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó pinnu ìhà tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn, torí òkè ọlọ́fà mẹ́ta tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ẹ bá gùn.

Wàyí o, ẹ má fi ìlà tààrà so ìlú méjì pọ̀. Mọ́tò ń lọ láti ìlú ńlá sí ìlú ńlá, ẹ̀yin ẹ máa lọ láti abúlé sí abúlé. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà: láàárín abúlé méjì ẹ ó sábà rí ju títì kan lọ, èyí tó bá ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, tó ń yà sí ilé oko kọ̀ọ̀kan, ni kí ẹ mú, torí awakọ̀ tó ń kánjú ò ní gbà á.

Ọgbọ́n mìíràn wà tí mo máa ń lò níbi tí odò ńlá bá wà, irú bíi Lot tàbí Dordogne. Títì ńlá sábà máa ń gba ẹ̀gbẹ́ kan odò. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ ó rí títì funfun kan tó ń bá omi rìn níbẹ̀, tí ẹ ó máa gbọ́ mọ́tò lókèèrè lódìkejì, tí ọ̀kan nínú wọn ò sì ní kàn yín. Ní ti títì tó bá òpópónà A rìn, ẹ ṣọ́ra. Lóòótọ́ ni òpópónà náà ti gba mọ́tò kúrò lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n tírélà tí kò fẹ́ san owó ibodè lè yà síbẹ̀.

Bí bébà bá ti fún yín ní ìlà, ẹ gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà. BRouter, ètò orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń ya ọ̀nà, ò gba kọ́bọ̀, ó sì ní ìlànà kan tó dìídì wà fún kẹ̀kẹ́ orí títì tó fẹ́ sá fún mọ́tò. Ẹ jẹ́ kó ya ọ̀nà fún yín, kí ẹ wá fi ojú ara yín yẹ̀ ẹ́ wò lórí Street View ti Google, torí ọkọ̀ wọn ti gba ọ̀pọ̀ títì kékeré ilẹ̀ Faransé kọjá. Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń wò ni ìlà funfun àárín títì. Títì tó bá ní ìlà láàárín, mọ́tò ń pàdé ara wọn lórí rẹ̀ déédéé. Títì tí wọn ò fa ìlà kankan sí, tí mọ́tò méjì bá pàdé níbẹ̀ tí ọ̀kan ní láti fi ẹsẹ̀ kan bọ koríko, ìyẹn ni tiwa. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ wo ọ̀dà, kí ẹ sì wò ó bóyá títì náà ò di yẹ̀pẹ̀ lẹ́yìn ilé oko tó kẹ́yìn; àwòrán láti ojú òfuurufú ò ní sọ ìyẹn fún yín.

Fún ẹni tó fẹ́ ìṣirò, ọ̀pọ̀ département ló ń gbé máàpù iye mọ́tò tó ń gba títì D wọn jáde. TMJA ni wọ́n ń kọ sí i, ìyẹn iye mọ́tò lójúmọ́ tí wọ́n bá pín ti ọdún kan dọ́gba. Lójú tèmi, títì tí kò tó 500 dùn ún gùn, èyí tó wọ 1000 ṣeé fara dà, èyí tó bá ti kọjá 2000, ẹ wá ibòmíràn gbà. Títì C kì í sí lórí máàpù yẹn, mọ́tò orí rẹ̀ kì í tó ohun tí wọ́n ń kà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ yan wákàtí

Aago méjìlá sí aago méjì ọ̀sán ni wákàtí tó dáa jù, torí gbogbo abúlé ló wà nídìí oúnjẹ. Bí títì yẹ́lò kan bá wà tí kò ṣeé yẹ̀, ìgbà yẹn ni kí ẹ gbà á. Òmíràn ni àárọ̀ ọjọ́ Àìkú: láti aago mẹ́wàá alẹ́ Sátidé títí di aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ Àìkú, òfin ò gba ọkọ̀ akẹ́rù tó ju tọ́ọ̀nù méje ààbọ̀ láyè lójú títì, àfi àwọn tí wọ́n dìídì yọ̀ǹda fún. Aago méje ààbọ̀ sí mẹ́sàn-án àárọ̀, àti mẹ́rin ààbọ̀ sí mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, ẹ jìnnà sí gbogbo títì tó wọ ìlú.

Ní ti oṣù, oṣù Karùn-ún, Kẹfà àti Kẹsàn-án ló tù mí lára jù. Nígbà tí wọ́n bá ń kórè àlìkámà lóṣù Keje, ẹ̀rọ ìkórè a máa gba gbogbo fífẹ̀ títì, ẹ kúrò lọ́nà fún un. Láti oṣù Kẹsàn-án títí di òpin oṣù Kejì ni àwọn ọdẹ ń ṣọdẹ, òpin ọ̀sẹ̀ ló sì máa ń le jù. Bí ẹ bá rí pátákó tí wọ́n kọ “Chasse en cours” sí létí igbó, ẹ wọ aṣọ tó ń tàn yòò, kí ẹ má dúró tọ̀ nínú igbó náà.

Ohun tó burú jù fún táyà tẹ́ẹ́rẹ́ nígbà ooru ni pátákó “Gravillons”. Bí wọ́n ṣe ń tún títì kékeré ṣe nìyẹn: wọ́n á wọ́n ọ̀dà gbígbóná sílẹ̀, wọ́n á da òkúta wẹ́wẹ́ lé e lórí, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ kí mọ́tò máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Lórí títì tí mọ́tò ò pọ̀, òkúta náà lè wà lójú ọ̀nà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ tẹ̀lé ojú ẹsẹ̀ mọ́tò níbi tí wọ́n ti gbá a kúrò, ẹ dín eré kù kí ẹ tó dé kọ́nà, ẹ má sì tẹ bíréékì nínú kọ́nà náà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ yan agbègbè

Ilẹ̀ gbọọrọ kan wà tó bẹ̀rẹ̀ láti ìhà Meuse lókè, tó la àárín orílẹ̀-èdè kọjá lọ sí ìhà Landes nísàlẹ̀, níbi tí èèyàn ti ṣọ̀wọ́n. Creuse, Cantal, Nièvre, Haute-Marne àti Lozère wà lórí rẹ̀. Lozère ni èèyàn inú rẹ̀ kéré jù nínú gbogbo département, wọn ò tó 80,000. Títì ibẹ̀ dákẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òkè ni ṣáá, abúlé sì jìnnà síra. Gers ni n ó júwe fún ẹni tí ò tíì gun òkè ńlá rí: òkè kéékèèké tó ń ròkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ láàárín oko àlìkámà, títì funfun sì pọ̀ níbẹ̀ bí okùn aláǹtakùn.

Bí ẹ bá mú ọmọ dání, tàbí tí ọkàn yín ò tíì balẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, ẹ fi voie verte bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ọ̀nà tí mọ́tò ò gbọdọ̀ wọ̀. Ojú irin tí ọkọ̀ ò gbà mọ́ ni wọ́n sọ di ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ kì í sì í lè gun òkè tó le, nítorí náà ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Àkọ́kọ́ wọn ṣí lọ́dún 1997 láàárín Givry àti Cluny ní Bourgogne, nǹkan bí kìlómítà 44. Ní gúúsù Cluny, ọ̀nà náà wọ ihò Bois Clair lábẹ́ òkè, ó gùn ju kìlómítà kan ààbọ̀ lọ, òtútù inú rẹ̀ ò sì mọ̀ pé ooru ń mú níta. Wọ́n máa ń tì í nígbà òtútù torí àwọn àdán tó ń sùn níbẹ̀. Ẹ ó gun òkè nígbà náà. Nítòsí Bordeaux, ọ̀nà Roger Lapébie, tí wọ́n fi sọrí ẹni tó gba Tour de France 1937, gba inú ọgbà àjàrà dé Sauveterre-de-Guyenne.

Ní ti ẹ̀bá omi, ẹ má jẹ́ kí orúkọ ńlá tàn yín. Canal du Midi, odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́, tó ṣí lọ́dún 1681, ni gbogbo ayé mọ̀, àmọ́ lẹ́yìn nǹkan bí 50 kìlómítà láti Toulouse, ọ̀dà tán, ó di yẹ̀pẹ̀ àti gbòǹgbò igi. Canal de Garonne tó lọ sí òdìkejì, láti Toulouse sí ìhà Bordeaux, ni ọ̀dà wà lórí rẹ̀, òun ló sì yẹ kẹ̀kẹ́ títì. Loire à Vélo, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ẹ̀bá odò Loire tó tó 900 kìlómítà, dáa púpọ̀, ṣùgbọ́n lóṣù Kẹjọ, dípò mọ́tò, kẹ̀kẹ́ ló ń ṣe súnkẹrẹ-fàkẹrẹ níbi tí ààfin pọ̀ sí.

Fún àwọn tó fẹ́ òkè gidi, Alps ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Cols Réservés. Láwọn ọjọ́ kan nígbà ooru, wọ́n á ti òkè mọ́ mọ́tò fún wákàtí mélòó kan láàárọ̀ kí kẹ̀kẹ́ nìkan gùn ún. Izoard àti Galibier ti wà lára wọn rí. Ọjọ́ rẹ̀ ń yí padà lọ́dọọdún, ẹ wò ó kí ẹ tó sanwó ilé.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ìrìn ọjọ́ méjì láti Dieppe

Láti London, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Victoria lọ sí Newhaven, ẹ ó pààrọ̀ ọkọ̀ ní Lewes, kí ẹ wá wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Dieppe, nǹkan bí wákàtí mẹ́rin. Ẹni tó bá ń lo páásì Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ní físà Schengen, ìwé ìgbélùú UK ò rọ́pò rẹ̀. Ẹran àti wàrà láti UK ò gbọdọ̀ bá yín wọlé sí Faransé, nítorí náà ẹ jẹ ìrẹsì ẹlẹ́ran yín tán kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀.

Ní Dieppe, ẹ tẹ̀lé pátákó Avenue Verte, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ London sí Paris, lọ sí Arques-la-Bataille, níbi tí odò mẹ́ta, Eaulne, Béthune àti Varenne, ti pàdé. Ẹ ó bá mọ́tò pín títì fún kìlómítà díẹ̀ kí ẹ tó kan ojú irin àtijọ́ Paris sí Dieppe. Láti ibẹ̀ dé Forges-les-Eaux, nǹkan bí kìlómítà 45, ọ̀dà dídán ni, ó ń ga díẹ̀díẹ̀ débi pé ẹsẹ̀ ò mọ̀ ọ́n. Ilé ìdúró ọkọ̀ àtijọ́ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ààfin Mesnières yọrí láàárín pápá, lẹ́yìn rẹ̀ ni Neufchâtel-en-Bray, níbi tí wọ́n ti ń ṣe wàràkàṣì tó rí bí ọkàn, tó rọ̀ nínú, tí awọ funfun rẹ̀ sì ní iyọ̀ díẹ̀. Pẹ̀lú búrẹ́dì gbígbóná, oúnjẹ ọ̀sán ti parí nìyẹn. Níbikíbi tí ọ̀nà bá ti dábùú títì, ẹ̀yin lẹ sábà gbọ́dọ̀ dúró fún mọ́tò. Lópin ọ̀sẹ̀, ọmọdé àti ajá pọ̀ níbẹ̀, ẹ lo aago kẹ̀kẹ́ yín ní kùtùkùtù kí ẹ tó bá wọn.

Ẹ sùn ní Forges. Lọ́jọ́ kejì, fóònù yín á fẹ́ kí ẹ gba D915 padà sí Dieppe. Ẹ má gbà fún un. Ẹ fi títì funfun gba inú pápá màlúù Bray lọ sí Saint-Saëns, ẹ ó gun òkè mélòó kan. Láti ibẹ̀ ẹ bá odò Varenne sọ̀ kalẹ̀, igbó Eawy ní ọwọ́ ọ̀tún yín, gba Bellencombre, Muchedent àti Torcy-le-Petit, títí ẹ ó fi padà dé Arques. Ẹ má retí pátákó Avenue Verte ní ìhà yìí, máàpù lẹ ó máa wò. Tèmi ni pé ọjọ́ kejì yìí dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Òfin, omi àti oúnjẹ

Awakọ̀ gbọ́dọ̀ fi mítà kan ààbọ̀ sílẹ̀ láàárín ara rẹ̀ àti yín lẹ́yìn ìlú, mítà kan láàárín ìlú. Ẹ̀yin náà ò gbọdọ̀ ki ohunkóhun bọ etí: owó ìtanràn rẹ̀ jẹ́ 135 yúrò. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìlá gbọ́dọ̀ dé akoto. Bí ilẹ̀ bá ṣú lẹ́yìn ìlú, ẹ gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀wù tó ń kọ mànà, kí iná iwájú àti ẹ̀yìn sì wà.

Òfin tó lè pa àlejò ni ti ọwọ́ ọ̀tún. Nínú abúlé, bí kò bá sí pátákó tàbí ìlà ní oríta, ẹni tó bá ti ọwọ́ ọ̀tún yọ ló ni ọ̀nà. Bàbá arúgbó kan lè wa ọkọ̀ rẹ̀ jáde láti ọ̀nà kóóró láìwo ẹ̀gbẹ́, òun ló sì jàre. Pátákó yẹ́lò onígun mẹ́rin tó dúró lórí igun rẹ̀ ń sọ pé ẹ̀yin lẹ ni ọ̀nà. Bí wọ́n bá fi ìlà dúdú dábùú u, àǹfààní yẹn ti tán.

Bí omi bá tán, ẹ wá ibi ìsìnkú abúlé. Mo mọ̀ pé ara ẹlòmíràn á bù máṣọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ omi wà ní ọ̀pọ̀ wọn, tí wọ́n fi ń bomi rin òdòdó. Bí ẹ bá rí “Eau non potable”, ẹ má mu ún. Ilé oúnjẹ abúlé lè má dá yín lóhùn mọ́ lẹ́yìn aago kan ààbọ̀ ọ̀sán, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ń tì ní ọ̀sán, ọ̀sán ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ Ajé sì burú jù. Ẹ ra búrẹ́dì láàárọ̀. Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù, “Bonjour” ni kí ẹ kọ́kọ́ wí kí ẹ tó béèrè ohunkóhun. Bíi tiwa nílé ló rí, ẹni tí kò bá kí wọn, wọ́n á kà á sí aláìlẹ́kọ̀ọ́.

Táyà 28 sí 32 mìlímítà ló yẹ ọ̀dà wọn tó ń rí ṣákiṣàki. Ẹ mú túùbù méjì àti páńpù, torí abúlé tó ní alátùn-únṣe kẹ̀kẹ́ ṣọ̀wọ́n. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ẹ pe 112. Ilé ìsùn tó bá ní àmì Accueil Vélo ní ibi tí wọ́n lè ti kẹ̀kẹ́ mọ́. Ibùdó àgọ́ tí ìjọba ìlú ń bójú tó, camping municipal, ló sábà rọjú jù.

Ọkọ̀ ojú irin TER, ìyẹn ti agbègbè, ń gbé kẹ̀kẹ́, lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọ̀pọ̀ ibi, àmọ́ àwọn ẹkùn kan fẹ́ kí ẹ gba àyè sílẹ̀ nígbà ooru. Lórí TGV, ọkọ̀ ojú irin wọn tó ń sáré jù, ẹ sanwó àyè, tàbí kí ẹ tú kẹ̀kẹ́ sínú àpò tí kò ju 130 sí 90 sẹ̀ǹtímítà lọ. Kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì TER, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa bóyá wọn ò kọ “autocar” sí ẹ̀gbẹ́ aago rẹ̀: bọ́ọ̀sì ni ìyẹn, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í gba kẹ̀kẹ́.